Ọkọ Mi Ń Dúró Dè Mí Lójú Ọ̀nà

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni mi ò fi sáré. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún méje ni mo ti fi ń jáde lẹ́yìn àsùbáá, tí n ó wọ ṣòkòtò dúdú mi, tí n ó da híjáàbù kékeré borí, tí n ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin Lalupon lọ títí n ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti ya sí oko, kí n tó yí padà. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí pé kí ló ń lé mi. Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn débi pé bí wọn ò bá rí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á yà wá béèrè bóyá ara mi ò yá.

Eré ọ̀nà jíjìn ni mò ń sá. Mi ò fi jẹun o. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti mọ̀ mí sí eléré. Ẹnu mi ò yá láwùjọ, ọbẹ̀ mi ò dùn ju ti ẹlòmíràn lọ, mi ò sì mọ ọjà tà. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú pé mo lè ṣe, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò lè ṣe, ni kí n máa sáré lọ láìdúró. Kóòṣì wa àtijọ́, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni wọ́n ṣì ń tọ́ mi sọ́nà: ọjọ́ tí n ó sá a jẹ́jẹ́, ọjọ́ tí n ó sá a tagbáratagbára, ọjọ́ tí n ó sinmi.

Iṣẹ́ irin jíjó ni ọkọ mi ń ṣe. Wẹ́dà ni gbogbo Lalupon ń pè é. Òun ló ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́, àti èyí tí wọ́n fi ń fún un kí wọ́n tó yan án ní gàrí. Kíláàsì kan náà la jọ kà, nítorí náà iwájú ìyá rẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń pè é ní ẹ̀yin. Bó bá ku àwa méjì, ìwọ la ń pe ara wa. Ó sanra, ó fẹ́ràn àga. Lọ́dún méje tí mo fi ń sáré yẹn, kò tẹ̀ lé mi lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Bí mo bá wọlé, á kí mi kú iṣẹ́, bí ẹni pé oko ni mo ti ń bọ̀.

Bí ẹsẹ̀ mi ṣe dá mi dúró, mi ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Ojúgun ọ̀tún ti ń dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kóòṣì ní kí n sinmi, mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń sá a lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ sínú ara mi. Mo jókòó sórí òkúta. Mi ò mú fóònù dání. Ọkọ mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀. Ó rò pé mo ti wọlé, mo sì ti múra, mo ti gba ọ́fíìsì lọ. Oòrùn ti ga dáadáa kí ọlọ́kadà kan tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko tó rí mi, tó sì gbé mi délé.

Ní ọsibítù, dókítà gbé fọ́tò egungun mi sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó ní egungun ti sán. Ó ní kí n má sáré fún oṣù mẹ́ta. Mo fi ìwàǹwára tún un gbìyànjú lóṣù kẹrin, ìrora náà tún padà, báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe di mọ́kànlá.

Ọjọ́ tí a lọ wo fọ́tò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe jókòó tí à ń dúró, nọ́ọ̀sì kan ní kí ọkọ mi gbọ́wọ́ wá kí òun yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé ó kúkú wà níbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, wọ́n sì ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Nígbà tí a délé, ó fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi sí gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé. Dìde."

Ó dìde. Ó rìn dé ojú irin, ó padà wálé, ó ń mí hẹlẹ. Lọ́jọ́ kẹta ó tún lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ní kí ó máa fi eré díẹ̀díẹ̀ kún un. Orí àga ni mo wà tí mo ti ń kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń ju apá, bí wọn ò ṣe gbọ́dọ̀ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Mo fún un ní aago ọwọ́ mi. Bó bá wọlé, n ó ní kí ó ròyìn ọ̀nà fún mi: ṣé ìrì pọ̀, ṣé koríko ti bo ojú ọ̀nà, ta ló pàdé. Ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún mi dáadáa, ó ń bọ́ bàtà, òógùn ń kán sílẹ̀. Inú mi ń dùn nígbà náà. Ó kéré tán, mo rò pé ìdùnnú ni.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ikùn rẹ̀ wọlé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mi ò fún un lóúnjẹ mọ́ ni.

Nígbà tí dókítà wá ní mo lè padà sẹ́nu eré, kóòṣì ní kí n sá ìṣẹ́jú kan, kí n rin ìṣẹ́jú méjì, kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìdajì wákàtí fi máa pé. Àwa méjèèjì la jọ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti ń lá àlá ọjọ́ náà láti oṣù mọ́kànlá. Ọ̀nà náà wà lórí mi, mo mọ gbogbo kòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìṣẹ́jú kan péré, àyà mi ti ń lù kìkìkì, itan mi ti wúwo bí ẹni tó ń wọ́ odò kọjá. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ti oníbàárà kan tí kò mọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tó ń fẹ́. Ẹni bá ń sáré tó tún ń sọ̀rọ̀ geere bẹ́ẹ̀, kò tíì fi agbára kankan sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú mi láìmọ̀. Á sá lọ, á ṣẹ́ kọ́nà, n ò ní rí i mọ́. Bí mo bá ṣẹ́ kọ́nà náà, n ó bá a níbi tó dúró sí, tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tó ń wo ọ̀nà tí mo gbà bọ̀. Á ní, "Rọra. Má kánjú." Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohùn rẹ̀ ò le, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí i níbi tó dúró sí báyìí, ohun kan á gún mi láyà.

Mo bi ara mi bóyá ìlara ni. Ó tì mí lójú láti ronú bẹ́ẹ̀. Ọkọ tí mo ń gbàdúrà pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má gbé e ṣubú, ara rẹ̀ wá yá, ìyàwó rẹ̀ ò sì lè yọ̀? Mo jókòó sórí ẹní ìrun, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà bẹ Ọlọ́run, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀. Kí ni n ó tọrọ? Kí ó má lè sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́? Mo kàn ka ohun tí mo mọ̀ lórí, mo sì dìde.

Ojúgun náà tún wá bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó lè dùn mí lónìí, kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí lọ́la, kí n má bá nǹkan kan. Mo lọ bá kóòṣì nílé wọn ní Ìyànà Ọ̀fà lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n na ẹsẹ̀ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n fò lórí rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ló máa ń dùn mí. Mo ní kò ní ìgbà kan pàtó. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì mú ìwé náà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo wo ìwé náà, ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi jọ jáde ni ojúgun ń dùn mí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dá a dúró, tí èmi nìkan jáde, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mi ò mú ìwé náà lọ fún kóòṣì. Mo ká a, mo fi sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, n ò sì mọ ẹni tí mo ń gbé e pamọ́ fún.

Ìgbà náà ni mo purọ́ fún ọkọ mi. Mo ní wọ́n ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì, a ní láti tètè dé lọ́sẹ̀ náà. Mo di aṣọ ọ́fíìsì sínú báàgì, mo gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta nǹkan ní ìdúrókọ̀, mo sì gba ọ̀nà òdìkejì, ọ̀nà oko tó lọ sápá Ejiòkú. Mo fi fóònù sínú báàgì náà kí ó má baà pè mí. Ọ̀nà yẹn ni bàbá mi máa ń mú wa gbà lọ sóko nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo gbà pé bí wọ́n bá di mí lójú, n ó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ méjì lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta mo fẹ́ lọ jìnnà díẹ̀ sí i, mo sì kọjá ibi tí mo ti ń yí padà. Igbó náà tán lójijì. Katakátá ti họ gbogbo ilẹ̀, ilẹ̀ pupa ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ, wọ́n ti ri òpó kọnkéré kéékèèké mọ́lẹ̀ káàkiri, wọ́n sì la ojú ọ̀nà síbí sọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ jọra. Mo wọ ọ̀kan, ó gbé mi dé ẹsẹ̀ ògiri. Mo wọ òmíràn, ó tún gbé mi padà síbi òpó tí mo ti kọ́kọ́ rí. Mo wá igi àràbà tí mo fi ń dá ọ̀nà mọ̀ látijọ́, mi ò rí igi kankan. Mo sáré, mo rìn, mo tún sáré. Oòrùn ti yọ. Mo tún wá ronú pé bí egungun yìí bá ṣẹ́ níbí, kò sí ẹni tó mọ ibi tí mo wà, ẹni tó yẹ kó sì mọ̀, èmi ni mo purọ́ fún un.

Ariwo ẹ̀rọ ni mo tẹ̀ lé. Mo já sí ibi tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ páànù. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló ń lé ọ, ọmọ mi?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi.

"Ṣé ìwọ lò ń lé ẹnìkan ni?"

Mo nu òógùn ojú mi. Wọ́n ní kí ẹnìkan bu omi fún mi. Wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo sọ orúkọ bàbá mi. Wọ́n fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹ̀yìn mi, síbi tí mo ti ń yí ká láti àárọ̀, wọ́n ní oko bàbá mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ti ta ilẹ̀ náà. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lè dúró lórí rẹ̀ kó má dá a mọ̀. Mo mu omi náà tán. Mo fẹ́ béèrè ọ̀nà, ìgbà náà ni mo rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n kùn ún, nọ́ńbà fóònù ọkọ mi sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Wọ́n rí i lójú mi. Obìnrin kan bi mí bóyá mo mọ wẹ́dà. Kí n tó ronú, mo ti ní ọkọ mi ni. Ó tẹ nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bọ̀, ìyàwó wọn sọnù sọ́dọ̀ àwọn.

Ó dé lórí ọ̀kadà rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Kò bi mí ní nǹkan kan níwájú wọn. Ó kí wọn, ó yẹ ẹ̀rọ wọn wò, ó fún nọ́ọ̀tì kan le, ó sì ní kí n gun ọ̀kadà. A ti dé ojú irin kó tó pa ẹ̀rọ ọ̀kadà náà.

"O ní ọ́fíìsì lò ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni mo ṣe?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Òtítọ́ sì ni.

"Ṣé kí n má sáré mọ́ ni?"

Ohun tó ń tì mí lójú títí di òní ni pé mi ò tètè dáhùn. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó ní rárá, ó sì gbọ́ pípẹ́ náà. Mo wá ní kí ó má kàn máa dúró dè mí mọ́ lójú ọ̀nà. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń wo irin tó lọ gbọọrọ. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi sán, ṣọ́ọ̀bù lòun wà tóun ń jó irin, tóun ń kọrin, bẹ́ẹ̀ orí òkúta ni mo jókòó sí. Ó ní bí òun bá ti ṣẹ́ kọ́nà tí òun ò rí mi lẹ́yìn, òkúta yẹn lòun máa ń rí.

Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé bí mo ti wá mọ̀ ọ́n yìí, gbogbo rẹ̀ ti tán. Kò tán. Lọ́jọ́ kejì a jọ jáde, ó ṣíwájú mi, nǹkan náà tún gún mi láyà, mo wá tún ń bínú sí ara mi lé e.

Lẹ́yìn oṣù méjì, a gbọ́ pé eré ìje kìlómítà mẹ́wàá kan ń bọ̀ ní Ìbàdàn. A forúkọ sílẹ̀ àwa méjèèjì. A sì jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnìkan. Ẹnu géètì pápá tí eré náà parí sí la ó ti pàdé.

Àwọn èèyàn pọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, ọkọ mi ti wọ àárín wọn lọ. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà n ò mọ bí mo ṣe ń yára tó. Mò ń gun òkè, mò ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan kọjá lára mi, èmi náà kọjá lára àwọn kan. Ibi kan wà, lẹ́yìn ìdajì ọ̀nà, tí mi ò ro ẹsẹ̀, tí mi ò ro ọkọ, tí mò ń gbọ́ èémí mi nìkan. Mo wá ṣàkíyèsí pé mi ò ro nǹkan kan, bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Mo sá a dópin. Mo mọ̀ láìsí aago pé mo lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ò sí lẹ́nu géètì. Mo dúró. Mo rò pé ó lọ mu omi. Mo dúró títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi dáadáa fi ń wọlé, kò yọjú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá sí mi lọ́kàn. Mo sáré lọ sábẹ́ àtíbàbà àwọn nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan nà gbalaja síbẹ̀, kì í ṣe òun. Mo bi àwọn tó wọ aṣọ pupa tí wọ́n ń darí èrò, wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo bá jáde, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà lójú ọ̀nà tí mo gbà wá, mò ń wo gọ́tà, mò ń wo ojú gbogbo ẹni tó jókòó. Àwọn tó ń bọ̀ ń pariwo sí mi pé ọ̀nà kọ́ nìyẹn.

Mo ti sá jìnnà kí n tó rí i ní òdìkejì títì, ó dúró ti ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe gíga ẹnìkan fún un. Èmi ló ń ṣàpèjúwe. Ó ti parí tipẹ́, ó ti dúró lẹ́nu géètì, ó wá lọ mu omi. Àkókò yẹn ni mo wọlé. Nígbà tí kò rí mi láàárín èrò ẹnu géètì, ó gbà pé egungun ti tún sán, ó sì padà wá mi. A ti kọjá lára ara wa nínú èrò láìrí ara wa.

Ó sọdá. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ibo lo wà?"

"Ibo ni ìwọ náà wà? A jọ ní ká má dúró."

Ó ní, "Mi ò dúró. Mo padà ni."

A jókòó sórí etí gọ́tà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ sílé, ó sùn lọ lé mi léjìká. Mò ń ṣírò rẹ̀ pé bí a bá ka èyí tí mo sá padà mọ́ ọn, mo ti sá tó kìlómítà méjìlá, ojúgun ò sì dùn mí lẹ́ẹ̀kan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mi ò bá nǹkan kan. Mo sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ kejì, mo retí kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní egungun ti jinná tipẹ́, kí n lọ sinmi ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta nínú ìsinmi yẹn, òjò rọ̀ láti àárọ̀, òun náà ò jáde. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó po tíì fún àwa méjèèjì. Ó bi mí, láìwo ojú mi, bóyá inú mi dùn pé òun ṣáájú mi parí.

Mo ronú sí i. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ rárá, ìyẹn náà ò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní òun náà ò mọ̀ bóyá inú òun dùn. Ó na ife tíì mi sí mi, a sì ń wo òjò.